Dienogest fún ìrora endo: ojú mi rí nǹkan, àmọ́ mi ò tíì jù ú nù

Tó bá jẹ́ ti ìrora nìkan ni, márùn-ún nínú márùn-ún ni màá fún dienogest, oògùn họ́mónù oníhóró tí mo ń mu fún endo (endometriosis), mi ò ní janpata. Àmọ́ torí owó ẹ̀, àti torí ohun tó fi ojú mi rí lóṣù mélòó kan àkọ́kọ́, mẹ́ta àbọ̀ ni mo fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé òun ló gbà yín sílẹ̀, ẹ má bínú sí mi, mo gbà, èmi náà mu tèmi láàárọ̀ yìí, ṣùgbọ́n rífíù ni mo ń kọ, kì í ṣe ìjẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí n tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa fowó ẹ̀ ṣòfò: kò sí ìkankan nínú àwọn oògùn họ́mónù yìí tó ń wo endo tán o. Ìrora ni wọ́n ń bá jà, wọ́n sì ń tẹ nǹkan ọ̀hún rì kó má lè ráyè. Ọjọ́ tóo bá dáwọ́ dúró, ó lè padà wá, ẹlòmíì kì í pẹ́ rárá tó fi máa padà. Torí náà dókítà tó bá ní abẹ́rẹ́ mẹ́fà péré ni òun á fi lé e lọ pátápátá, ẹ bi í léèrè dáadáa. Àwọn tó ń ta àgbo lórí Facebook tí wọ́n ní á fọ inú mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn yẹn ò tiẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ mi rárá.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́: endometriosis ni kí nǹkan tó jọ awọ inú ilé ọmọ lọ máa hù níta ilé ọmọ, lára ilé ẹyin, lẹ́yìn ilé ọmọ, lára ìfun, nígbà míì lára àpò ìtọ̀. Estrogen, họ́mónù obìnrin, ló ń bọ́ ọ. Tí nǹkan oṣù bá ti ń bọ̀, ibẹ̀ náà á wú, á máa ta, ẹlòmíì ò ní lè yàgbẹ́, ẹlòmíì ò ní lè bá ọkọ ẹ̀ sùn. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní ó tó 190 mílíọ̀nù tó ní in káàkiri ayé, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá láàárín obìnrin tó ṣì wà nínú ọdún ọmọ bíbí. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa níbí kí wọ́n tó pe orúkọ ẹ̀ gan-an, wọ́n á ti ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n á ní aràn ni, wọ́n á ní tóo bá ti bímọ á lọ. Èmi bímọ, kò lọ. Felvin, oògùn ìrora, ni mo ń gbé mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà títí àyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, tí wọ́n sì ní ọgbẹ́ inú ti fẹ́ wọ̀ ọ́, bí mo ṣe kúrò nínú ìrora kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ tó lè dá owó yín sí. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní dandan ni kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ikùn, laparoscopy yẹn, kí wọ́n tó lè sọ pé endo ni. Àwọn onímọ̀ Yúróòpù, ìyẹn ESHRE, ti yí ìyẹn padà nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2022, wọ́n ní dókítà lè gbọ́ àlàyé ẹ, kó yẹ̀ ọ́ wò, kó ṣe skáànì, kó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn láìtíì gé ọ. Skáànì lè mọ́ lóló kí endo ṣì wà níbẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn lé yín sílé. Tí oògùn ò bá wá ṣiṣẹ́, tàbí tóo ń wá ọmọ, ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ kámẹ́rà á tún délẹ̀. Ọsibítù tí mo kọ́kọ́ lọ ò bá mi sọ èyí, owó iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kọ fún mi kí n tó jókòó. Mi ò dárúkọ wọn, ẹ ṣá fi í sọ́kàn.

Pílì ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó ní họ́mónù méjì, estrogen àti progestogen, pa pọ̀. Kò wọ́n, ó wà ní fámasí gbogbo, ó sì dáa fún ọ̀pọ̀ èèyàn, pàápàá tí dókítà bá ní kóo máa mu ún léraléra láì fi ọjọ́ méje sílẹ̀ láàárín, torí tí àlejò ò bá wá, kí ló máa fa inú rírun. Lójú tèmi ó gé ìrora mi sí ìdajì. Ohun tó lé mi kúrò nídìí ẹ̀ ni túúlu, mo ní irú ẹ̀fọ́rí tó jẹ́ pé kó tó bẹ̀rẹ̀ màá kọ́kọ́ máa rí iná tó ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́ lójú, dókítà tó gbọ́ ọ ní ká fi pílì yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní estrogen àti irú túúlu bẹ́ẹ̀ pa pọ̀ lè fa rọpárọsẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ rí náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àti ẹni tó ti lé ní 35 tó ń mu sìgá. Ẹ ò ní mọ èyí lọ́wọ́ ọmọ tó ń tajà ní kẹ́mísíìtì o, á kàn gbé e fún yín ni.

Depo náà wà, abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta tí wọ́n ń gún fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Kékeré ẹ̀ tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ, 104 mg, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí i fún ìrora endo láti 2005, a sì ní irú ẹ̀ ní Nàìjíríà, Sayana Press, tí èèyàn lè kọ́ bó ṣe máa fúnra ẹ̀ gún un. Àbúrò màámi ló lò ó, ó bímọ tán, kò wá ọmọ mọ́, Depo bá a lára mu gan-an. Èmi ò fẹ́ ẹ torí pé nǹkan tó bá ti wọlé síni lára fún oṣù mẹ́ta, tí ara bá kọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa fà á jáde, tóo bá sì dá a dúró ọmọ lè pẹ́ kó tó wọlé, ó lè tó ọdún kan. Egungun náà ń kọ́? Láti 2004 ni FDA ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára ẹ̀ pé ó ń dín agbára egungun kù tí èèyàn bá lò ó pẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má fojú yẹpẹrẹ wo àwọn olówó pọ́ọ́kú yìí o. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní UK tí wọ́n pè ní PRE-EMPT, inú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ ló ti jáde ní 2024, obìnrin 405 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ endo fún ni wọ́n lò, wọ́n fún àwọn kan ní pílì, wọ́n fún àwọn tó kù ní Depo tàbí Mirena, èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìrora ìhín àti ìrora ọ̀hún ti wálẹ̀ tó bíi 40% sí bó ṣe wà kí wọ́n tó gé wọn, kò sí èyí tó gbayì ju ìkejì lọ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn tó gba Depo àti Mirena ò fi bẹ́ẹ̀ padà sórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ bíi tàwọn onípílì. Torí náà ẹni tó bá ní oògùn tó wọ́n jù ló ń ṣiṣẹ́ jù, irọ́ ni.

Mirena, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Leeds ló ní in. Wọ́n fi í sínú ilé ọmọ, levonorgestrel 52 mg ló wà nínú ẹ̀ tó ń jò díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. NHS, ètò ìlera ìjọba wọn lọ́hùn-ún, fi sí i lára lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá nọ́ọ̀sì létí, àmọ́ láti ìgbà náà ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti di kínún, inú ò run ún bíi tẹ́lẹ̀. Àléébù ẹ̀ ni pé ilé ẹyin ṣì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ nínú ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń lò ó, nítorí náà ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ kókó tó wà lórí ilé ẹyin, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó kó lọ síbẹ̀.

Zoladex. Hẹn-ẹn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kì í ṣe abẹ́rẹ́ kékeré, wọ́n ń fi í ti nǹkan kan bí ẹyọ ìrẹsì sábẹ́ awọ ikùn, 3.6 mg, lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, wọn kì í sì fẹ́ kó kọjá oṣù mẹ́fà fún endo. Ohun tí wọn ò sọ fún mi ni pé ó máa kọ́kọ́ ru estrogen sókè kó tó wá gbé e ṣubú, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo rò pé mo ti fẹ́ kú, mo pe nọ́ọ̀sì ó ní "ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, Mà", kí ló dé tí ò sọ ọ́ kó tó gún mi? Ìgbà tó wá mú mi tán, ká sòótọ́, mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí, ìrora dákẹ́, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n gbé ikùn ẹlòmíì fún mi. Ṣùgbọ́n ooru! Ẹ jọ̀ọ́, oṣù kẹta ọdún, Èkó, NEPA ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé ti kú, ara tèmi náà tún wá ń da iná sílẹ̀ láti inú wá, màá jí lóru gbogbo ibùsùn á ti tutù, ọkọ mi á ní ṣé òjò wọlé ni. Ara gbẹ, orun ò wá, oríkèé ń ro mí. Ohun tó jẹ́ ni pé ó sọ èèyàn di ìyá àgbà fúngbà díẹ̀, egungun náà sì ń san nínú owó ọ̀hún. Dókítà tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ máa ń fi họ́mónù díẹ̀ tì í, tibolone tàbí irú ẹ̀, kí egungun má bàa jìyà, kó sì dín ooru kù. Èmi ni mo bèèrè kí wọ́n tó fún mi o. Ẹ bèèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ó dáa, dienogest. Visanne tí Bayer ń ṣe ni orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀, àwọn mìíràn wà tí wọ́n ṣe ní Íńdíà tí owó wọn rọ̀ díẹ̀. 2 mg, ẹyọ kan lójúmọ́, aago kan náà, kò sí ọjọ́ ìsinmi, tí páálí kan bá tán o ṣí òmíràn, bóo ń rí ẹ̀jẹ̀ bóo ò rí i. Progestin ni, ẹbí progestogen inú pílì yẹn, ó ń rẹ estrogen sílẹ̀ níwọ̀nba, kò gbẹ ẹ́ bíi ti Zoladex, ó sì ń mú kí ibi tí endo wà máa rọ díẹ̀díẹ̀. Ní 2010 wọ́n gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ti fi í wé leuprolide, ọmọ ìyá Zoladex, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, ìrora wọn wálẹ̀ bákan náà, àmọ́ ooru ò bá àwọn oní-dienogest bíi tàwọn yẹn. Ohun tó jẹ́ kí n gbà láti gbìyànjú ẹ̀ gan-an nìyẹn, mo ní tó bá jẹ́ pé wọ́n jọ tó ara wọn, kí ni mo tún ń ṣe nínú iná.

Ẹ̀jẹ̀ wá ni wàhálà. Kì í ṣe èyí tó ń ya o, ìwọ̀nba ni, aláwọ̀ búráùn, àmọ́ kì í dá. Lónìí wà, lọ́la wà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wà. Mo ń gbé páàdì sí báàgì lọ sí gbogbo òde, aṣọ òyìnbó funfun tí mo rà fún ìgbéyàwó àbúrò mi wà nínú àpótí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Ẹnì kan ìbá ti sọ fún mi, mi ò bá ti múra sílẹ̀, torí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é pé láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ àkọ́kọ́, 38.3% obìnrin ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń pẹ́ kó tó dá, tó bá fi máa di ìparí ọdún 4.0% péré ló kù, 28.2% ò sì rí nǹkan oṣù rárá mọ́. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó bá jù ú nù lóṣù kejì torí ẹ̀jẹ̀, ibi tó ti ń dáa bọ̀ gan-an ló ti kúrò. Tèmi dá. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá, láti ìgbà náà mi ò tíì pe ọ̀gá mi láàárọ̀ pé mi ò lè dìde.

Èyí tí mo gé máàkì fún jù ni orí, mi ò sọ ẹ̀fọ́rí o, ọkàn ni mo ń wí. Inú mi kàn máa ń bàjẹ́, mo máa jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé, mi ò ní fẹ́ wọlé, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Nínú àkọsílẹ̀ yẹn kan náà, ẹ̀fọ́rí mú 9.0%, ọmú ríro 5.4%, ìbànújẹ́ ọkàn 5.1%, irorẹ́ 5.1%. Lójú ìwé 5.1% kéré. Tó bá jẹ́ ìwọ ló bọ́ sí lórí, odindi ni. Tèmi fúyẹ́ lẹ́yìn tí mo sọ fún ọkọ mi àti dókítà, a jọ ń ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní irú ìbànújẹ́ ọkàn bẹ́ẹ̀ rí kó wí i kí wọ́n tó kọ oògùn náà fún un, kó sì ní ẹnì kan nínú ilé tó mọ̀.

Ẹ wá gbọ́ tilé. Ìyá ọkọ mi wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, wọ́n rí mi tí mo gbé e mì. "Ìyá Tómi, kí lẹ̀ ń gbé mì láràárọ̀ yìí?" Mo kúnlẹ̀, mo ní oògùn inú rírun ni, Mà. "Inú rírun? Èyí tí wọ́n tò sínú páálí bíi ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí yìí? Ẹ sì mọ̀ pé Tómi nìkan ló wà nílẹ̀." Ojú mi gbóná. Ọkọ mi ló gba ọ̀rọ̀ náà, ó mú ìwé inú páálí, ó túmọ̀ ẹ̀ fún wọn lédè Yorùbá, pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere, kí èèyàn má ṣe fi oògùn yìí ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tí kò bá fẹ́ lóyún kó lo rọ́bà. Màmá wò ó, wọ́n ní "ó dáa," àmọ́ ojú wọn ò tíì gbà. Òótọ́ ibẹ̀ rèé: lọ́pọ̀ ìgbà ẹyin kì í jáde tóo bá ń lò ó, nítorí náà kì í ṣe oògùn tí ẹni tó ń wá ọmọ lọ́wọ́lọ́wọ́ máa mu. Tóo bá dá a dúró, nǹkan oṣù máa ń padà láàárín bí oṣù méjì. ESHRE tiẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé kí dókítà má kọ àwọn oògùn tó ń dá ẹyin dúró yìí fún obìnrin torí kó lè tètè lóyún. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kóo kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́fà "tọ́jú endo" kóo tó wá ọmọ, ọdún ẹ ló ń jẹ.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́. Tóo bá bì tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru mú ẹ láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn tóo mu ún, mu òmíràn. Rifampicin tí wọ́n ń fún àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ń sọ agbára ẹ̀ di yẹpẹrẹ, oògùn wárápá bíi carbamazepine náà. Ketoconazole àti erythromycin ń ru ú sókè, wọ́n sì pọ̀ ní gbogbo kẹ́mísíìtì, ẹ máa sọ ohun tí ẹ ń lò. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń wá lára ẹ̀ tí wọn ò tíì mọ ìdí, kó má bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ yín obìnrin tí ò tíì pé ọdún 18 ló fẹ́ lò ó, ẹ mẹ́nu ba egungun, torí nínú àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n yẹ̀ wò fún ọdún kan, egungun ẹ̀yìn wọn fúyẹ́ ní ìwọ̀n 1.2%, ìgbà yẹn sì ni egungun ń kọ́ ara ẹ̀ lọ́wọ́.

Danazol ń kọ́? Ó ṣì wà, oògùn àtijọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń hu irùngbọ̀n, ó lè sọ ohùn obìnrin di ti ọkùnrin, ohùn yẹn sì lè má padà. Mi ò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, tiyín rọrùn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ní elagolix láti 2018, Orilissa, àti Myfembree tí wọ́n fọwọ́ sí fún endo ní 2022, òun ni relugolix tí wọ́n ti po estrogen díẹ̀ mọ́ kí egungun má bàa jìyà, oníhóró ni, kò sí abẹ́rẹ́ ikùn. Ní 2025, NICE, àjọ tó ń sọ oògùn tí NHS máa fúnni ní England, gbà kí NHS máa fún àwọn tí oògùn mìíràn tàbí iṣẹ́ abẹ ò ti ran lọ́wọ́, Ryeqo ni orúkọ ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi ní ní England £9.90 ni èèyàn ń san fún oògùn kan tí dókítà bá kọ, ní Scotland àti Wales wọn ò san kọ́bọ̀. Mo gbọ́, mo mí kanlẹ̀.

Torí níbí, àpò ara ẹni ni. Oṣù dé, ra páálí, oṣù dé, ra páálí, iye owó tí fámasí pè lóṣù tó kọjá kọ́ ló máa pè lóṣù yìí. Èyí tó bá pọ́ọ́kú jù, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń pín in lórí WhatsApp. Ẹ wá Endometriosis Support Group Nigeria tí Dókítà Abayomi Ajayi ti ilé ìwòsàn Nordica dá sílẹ̀, oṣù kẹta ni wọ́n máa ń wọ yẹ́lò jáde, àwọn obìnrin ibẹ̀ mọ fámasí tó ní ojúlówó ju èmi lọ.

Ní tèmi, dókítà ti ní tí owó bá há, ká yí sí norethisterone, progestin mìíràn, ọ̀rẹ́ àtijọ́ yẹn, tó wà níbi gbogbo tí owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Mo ṣì ní páálí dienogest méjì nílé. Tí wọ́n bá tán, tí owó ẹ̀ bá tún ti gun òkè, màá yí.